WRX mi ń se ọ́ìlì bí ẹni ń se gbẹ̀gìrì: ṣé mo lè fi kúlà ọ́ìlì sí i fúnra mi nílé?

Ọmọ Àkóbọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Subaru WRX 2004 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnnì EJ20 oní-tọ́bò, tòkúnbọ̀ ni, ọdún kẹta rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Oṣù tó kọjá ni mo ra géèjì tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó, mo sì fi í sí i. Látìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Bí mo bá wà nínú ìlú, láti Àkóbọ̀ dé Dùgbẹ̀, 95 sí 100 ló máa ń kọ. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jáde ní tóògéètì, mo kọrí sí ọ̀nà Èkó láago mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀nà dá, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kí n tó dé Ṣàgámù, géèjì ti kọ 128°C. Mo dẹwọ́, ó rọra padà sí 110. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gòkè.

Ẹnì kan fẹ́ ta kúlà ọ́ìlì kan fún mi, èyí tó dà bí rèdíétọ̀ kékeré tó ń mú ọ́ìlì tutù. Ó ní ìlà 25, ìyẹn àwọn pẹlẹbẹ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, tòun ti họ́ọ̀sì rẹ̀. Mo ní jáàkì, mo ní sípánà, mo ní ìgboyà. Ibo ni kí n gbé e sí? Kí ni kí n rà mọ́ ọn? Ṣé iṣẹ́ Sátidé kan péré ni? Mẹ́káníìkì mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n ṣáà da ọ́ìlì tó ki sí i.

Jagun Ring Road
Rà á kíá. Tó o bá ti fi ìlà 25 sí i, wàhálà ti parí.

Bàbá Sípánà
Jagun, rọra.

Ọmọ Àkóbọ̀, dá mi lóhùn ná kó o tó náwó. Eré wo lò ń sá? 100 km/h ni òfin fún mọ́tò wa lórí ọ̀nà yẹn. Bí ọ́ìlì bá dé 128 lórí 100, nínú jíà karùn-ún, kì í ṣe kúlà ni mọ́tò rẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣàìsàn, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ṣé ọ́ìlì ò ti lọ sílẹ̀? Ṣé rèdíétọ̀ ò dí? Tó bá jẹ́ eré àsápajúdé lò ń sá, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibo ni sẹ́ńsọ̀ yẹn wà? Ta ló sì sọ fún ọ pé òótọ́ ni géèjì ń pa? Tú sẹ́ńsọ̀ náà, tó bá jẹ́ oníwáyà kan, fa wáyà láti ara bọ́dì mọ́ irin ara rẹ̀, kó o wá rì í sínú omi tó ń hó. Ìbàdàn ò ga débi tí omi á fi máa hó níbi tó jìnnà sí 100. Kó kọ 99 tàbí 100. Tó bá kọ nǹkan mìíràn, irọ́ lo ti ń gbé kiri látoṣù tó kọjá.

Ọmọ Àkóbọ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ti òfin sílẹ̀ ná, ẹ jọ̀ọ́. Ká ṣáà sọ pé ẹ́ńjìnnì ń yí ju ìgbà 4,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, mo fi jẹ́jẹ́ rìn lórí 100 nínú jíà karùn-ún, 106 ló kọ. Ìdí sọ́mpù ni sẹ́ńsọ̀ wà, níbi nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù.

Mo ti se sẹ́ńsọ̀ náà bí ẹyin lálẹ́ àná. Omi ń hó gùdùgùdù, géèjì ń kọ 107. Ìyàwó mi ní kẹ́tù yẹn ò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́.

Bàbá Sípánà
O rí i? Tí géèjì bá ń fi 7 bùkún un, 128 rẹ yẹn sún mọ́ 121. Mo ní "sún mọ́" o, torí àṣìṣe géèjì ní 100 lè má jẹ́ iye kan náà ní 130. Àmọ́ ó ti kúrò lójú ẹ̀rù.

Bí mo ṣe ń wò ó nìyí. 90 sí 110 ni ibi tí ọ́ìlì ti ń gbádùn. Tó bá dé 120 lẹ́yìn eré gidi, ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì tó dára á gbà á. Tó bá kọjá 130 tó sì dúró síbẹ̀, owó ẹ́ńjìnnì lò ń jó. Nọ́ńbà 40 tó wà nínú 5W-40, bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní 100°C ló ń sọ. Bí ooru bá ṣe ń kọjá 100 ló ń fúyẹ́ sí i, bíárìn inú EJ kì í sì í fojú rere wo ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi. Ti mẹ́káníìkì rẹ, 20W-50 ò ní dín ooru kù. Ọ́ìlì tó ki jù máa ń fi agbára ẹ́ńjìnnì ro ara rẹ̀ bí ẹní ń ro àmàlà, ó tún ń gbóná sí i ni.

Nítorí náà, bó o bá máa ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kúlà wúlò fún ọ. Àmọ́ ìlà 25 ti pọ̀ jù. Ìlà 13 tó. Ra pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ní tẹ́mọsítáàtì mọ́ ọn: irin pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ fílítà ni, òun ló ń darí ọ́ìlì lọ sínú kúlà, tẹ́mọsítáàtì rẹ̀ kì í sì í ṣí ọ̀nà títí ọ́ìlì á fi gbóná. Tó o bá jẹ́ ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni, ǹ bá ní kó o fi owó rẹ ra géèjì tí kò parọ́, kó o sì lọ sùn.

Ìyá GTI
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kó tó gbé e síwájú rèdíétọ̀. Golf 5 GTI ni mo ń wà. Ẹni tó bá mi fi kúlà sí i gbé ìlà 19 lé iwájú kọ́ńdẹ́ńsà AC gan-an, torí ibẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn: ó tú bọ́ńpà, ó dè é mọ́ irin, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Lójú ọ̀nà gbalasa, kò sí ìjà. Ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta ni mo há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́lẹ́tẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń ta bí ata, AC bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru lé mi lójú. Ooru ọ́ìlì ń fẹ́ sára kọ́ńdẹ́ńsà, ti kọ́ńdẹ́ńsà ń fẹ́ sára rèdíétọ̀, èmi tí mo jókòó sínú mọ́tò ni gbogbo rẹ̀ parí sí lórí. Abẹ́rẹ́ omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Mo ní kí wọ́n tú u. Ó wà nínú ihò tó wà níwájú táyà ọ̀tún báyìí, lẹ́yìn iná kúrukùru. Mo ní kí wọ́n fi páànù álúmíníọ̀mù ká ẹnu bí àrọ, láti ihò bọ́ńpà dé ojú kúlà, kí afẹ́fẹ́ má baà yà gba ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni ẹ̀yìn: wọ́n gbọ́dọ̀ dá ihò sára rọ́bà inú fẹ́ńdà, kí afẹ́fẹ́ rí ibi jáde. Kí wọ́n tó dá a, kúlà yẹn ò ju ẹrù lásán lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá a ni mo rí ìyàtọ̀. Wọ́n tún fi nẹ́ẹ̀tì irin bo ojú rẹ̀ nítorí òkúta.

Ẹ rántí pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó ń fẹ́ níbẹ̀ o. Kò sì burú, torí eré ló ń gbóná ọ́ìlì, kì í ṣe ìdúró. Ìdúró, omi ni í dà láàmú.

Jagun Ring Road
Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́ di ńlá? Ẹ lọ sí Àràròmí ní Gate, ẹ mú kúlà tòkúnbọ̀ kan, ẹ fi pẹtiróòlù ṣan inú rẹ̀, ẹ dè é mọ́ ọn.

Bàbá Sípánà
Mo ń dúró de èyí. Mo fẹ́ràn Gate, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, kò sí ohun tí wọn ò ní tà fún ọ níbẹ̀. Dígí, ìlẹ̀kùn, iná, họ́ọ̀bù, mo máa ń rà á. Kúlà ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, rárá. Kí ló dé tí wọ́n fi tú ẹ́ńjìnnì tó ni ín? Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti nọ́ọ̀kì ni. Tí bíárìn bá jẹ, àwọn irin wẹ́wẹ́ á bá ọ́ìlì wọ inú kúlà, á há sáàárín àwọn pẹlẹbẹ inú rẹ̀. Pẹtiróòlù ò ní yọ ọ́ tán. Ọjọ́ tó o bá sọ ọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì tìẹ, ooru àti ìfúnpá á tú wọn, wọ́n á ṣàn lọ sídìí bíárìn tìrẹ. Kúlà tuntun tí kò lórúkọ sàn ju èyí tó lórúkọ tó ti inú ẹ́ńjìnnì olóògbé jáde.

Ọmọ Àkóbọ̀, ìlà 25 tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì wo ló ti jáde?

Ọmọ Àkóbọ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń tà á ní "mọ́tò alágbára kan" ni. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi sílẹ̀.

Ará Mọ́níyà
Ẹ tún kìlọ̀ nípa kúlà jíà o. Èmi ni mo ṣe é lára Honda mi. Mo rí kúlà kan, ó rí bákan náà, owó rẹ̀ ò tó ìdajì, mo ní àjẹtẹ́rùn nìyí. Kúlà ọ́ìlì jíà ọtọmátíìkì ni, ẹnu rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò rí ibi gbà, géèjì ìfúnpá ọ́ìlì mi wálẹ̀, ọkàn èmi náà wálẹ̀. Mo tú u lọ́jọ́ kejì. Ẹnu họ́ọ̀sì tó yẹ fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni èyí tí wọ́n ń pè ní -10, lára ìwọ̀n ẹnu họ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní AN. Nọ́ńbà yẹn, ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì ni wọ́n ń kà, nítorí náà -10 jẹ́ íǹṣì 5/8, bíi mìlímítà 16. Àwọn kan ń lo -8, íǹṣì ààbọ̀, ó ṣeé gbà fún ẹ́ńjìnnì kékeré.

Jagun Ring Road
Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ká ra pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ní tẹ́mọsítáàtì. Tẹ́mọsítáàtì kẹ̀? Nílẹ̀ olóoru? Mélòó nínú mẹ́káníìkì Ìbàdàn ni kì í yọ ti ẹ́ńjìnnì dànù, ẹ wá fẹ́ fowó ra òmíràn fún ọ́ìlì. Yìnyín wo ló ń já bọ́ ní Bẹẹrẹ?

Ìyá GTI
Jagun, tèmi ò ní tẹ́mọsítáàtì lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń jáde láago mẹ́fà kọjá díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń dé ibi iṣẹ́. Ọ́ìlì ò kọjá 70 rí kí n tó pa mọ́tò. Nígbà tó di oṣù Kejì, mo ṣí ìdérí tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì, mo bá ohun funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti fẹ́, mo ti ń sunkún owó. Omi tó máa ń kóra jọ sínú ọ́ìlì ni, tí kò rí ooru tó máa lé e jáde.

Bàbá Sípánà
Àǹtí ti parí rẹ̀. Yíyọ tí wọ́n ń yọ ti ẹ́ńjìnnì náà, àṣà burúkú ni, mo ti ń jà á láti ìgbà tí mo ti ń gbé àpótí sípánà fún ọ̀gá mi. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì onítẹ́mọsítáàtì máa ń ṣí ní bíi 80°C. Kó tó ṣí, ọ́ìlì á máa gba ọ̀nà kúkúrú padà sínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń jẹ́ kí díẹ̀ rọra kọjá sínú kúlà kí afẹ́fẹ́ má baà há síbẹ̀. Owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òfìfo lọ. Rà á.

Lálùpọn
Ẹ jọ̀ọ́, BMW E46 ni tèmi. Ṣé pẹ́lẹ́ẹ̀tì yẹn máa wọ̀ ọ́?

Bàbá Sípánà
Rárá, fílítà tìrẹ jẹ́ èyí tó ń wọ inú ìgò. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì abẹ́ fílítà, ti fílítà agolo tí wọ́n ń yí mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni. Wá àdápítà tó jẹ́ ti ìgò fílítà tìrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fílítà agolo, ẹ mọ tírẹ́ẹ̀dì yín kẹ́ ẹ tó sanwó: Subaru àti Honda jẹ́ M20x1.5, ọ̀pọ̀ Toyota jẹ́ 3/4-16. Wọ́n jọra lójú, wọn ò jọra lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá fipá yí i, ẹ ti ba ara ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ọmọ Àkóbọ̀
Họ́ọ̀sì wá kù. Àwọn tó ń ṣe họ́ọ̀sì haidirọ́líìkì fún típà wà nítòsí wa. Wọ́n ní àwọn lè tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn lójú mi, owó rẹ̀ ò sì tó ti èyí tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

Ará Mọ́níyà
Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ṣe tèmi lẹ́ẹ̀kejì. Ìfúnpá kì í ṣe ìṣòro, họ́ọ̀sì tó ń gbé bọ́dì típà sókè á fi ìfúnpá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe yẹ̀yẹ́. Ooru ni kó o bi wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n kọ R1 tàbí R2 sí lára, 100°C ló fara dà dáadáa. Tìrẹ á kọjá ìyẹn. Sọ fún wọn pé èyí tó lè gba 120 sókè lo fẹ́, kó o sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ fúnra rẹ, má fi etí gbọ́. Ẹnu tí wọ́n ń pè ní JIC lọ́dọ̀ wọn, 37 dígírì ni gígé rẹ̀, bíi ti AN, ó bá a mu. Fi afẹ́fẹ́ fọn inú họ́ọ̀sì kó o tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ìdọ̀tí rọ́bà tí ayùn gé sílẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Tó o bá lo èyí tó ní irin híhun lára, wé rọ́bà mọ́ ibi gbogbo tó bá ti fara kan nǹkan. Irin yẹn ayùn ni. Mo ti rí èyí tó rẹ́ páìpù AC já.

Bàbá Sípánà
Ó dáa. Gbọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe é.

Kọ́kọ́ gbé mọ́tò lé sítáǹdì irin. Má wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí jáàkì nìkan, má sì fi bulọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ṣe òpó. Kì í kọ́kọ́ sán kó tó fọ́, ó kàn máa ń tú ká lójijì ni. Mo ti sìnkú ẹni tí bulọ́ọ̀kù tú mọ́ lórí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Gbé kúlà síbi tó máa jókòó sí ná, kó o tó gé họ́ọ̀sì kankan. Fi rọ́bà sáàárín ìdè rẹ̀ àti irin mọ́tò, torí kòtò ìlú wa á fọ́ ọ tó bá le pọ́nkú. Kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá kọjú sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sórí rẹ̀. Fa họ́ọ̀sì jìnnà sí páìpù ẹ̀sọ́ọ̀sì, ìdí fílítà EJ súnmọ́ ọn gan-an. Yí sítíà dé òpin lápá òsì àti ọ̀tún, kó o wò ó bóyá táyà fara kàn án.

Da ọ́ìlì nù, tú fílítà, fi aṣọ nu ojú ibẹ̀. Tó o bá bá kúlà olómi tí ilé iṣẹ́ fi sábẹ́ fílítà, má yọ ọ́, òun ló ń bá ọ mú ọ́ìlì móoru láàárọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pẹ́lẹ́ẹ̀tì á lọ. Fi ọ́ìlì pa o-ring (òrùka rọ́bà rẹ̀) kó o tó dè é. Ẹnu 37 dígírì, irin sí irin ni: ọ́ìlì díẹ̀ ni kó o fi pa tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, má fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà sí i, àjákù rẹ̀ á wọ inú ọ́ìlì. Sípánà méjì ni wàá lò, ọ̀kan á di ẹnu kúlà mú, èkejì á yí nọ́ọ̀tì. Álúmíníọ̀mù ni, tó o bá fi ọ̀kan yí i, ọrùn kúlà á yí pẹ̀lú rẹ̀.

Rewáyà Sango
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Ẹ da ọ́ìlì sínú kúlà kẹ́ ẹ tó so họ́ọ̀sì ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo kó má baà tan. Ẹ sítáàtì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi, ẹ tún un ṣe, títí iná ọ́ìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á fi kú. Ìgbà náà ni kẹ́ ẹ dá fíúsì padà. Tọ́bò tó bá yí láìsí ọ́ìlì, kò ní bẹ̀ yín wò kó tó kú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ pa á, ẹ wo ọ́ìlì lára ọ̀pá. Á ti lọ sílẹ̀, torí kúlà àti họ́ọ̀sì máa ń gbé bíi lítà ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ Àkóbọ̀
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Sátidé méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́, ọ̀sán gbáko ni mo fi tú bọ́ńpà, gbogbo kílíìpù rẹ̀ sì ṣẹ́.

Ìlà 13, tuntun, lẹ́yìn iná kúrukùru apá òsì, páànù bí Àǹtí GTI ṣe sọ. Mo ṣe é bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe é, àfi ibì kan. Nígbà tí mo tan mọ́tò, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti ìdí pẹ́lẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí màálù ń tọ̀. Mo pa á kíá. Gásíkẹ́ẹ̀tì fílítà àtijọ́ ló lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, mo sì de pẹ́lẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Dúdú ló jẹ́, ibẹ̀ dúdú, mi ò rí i. Mo ti da iyẹ̀pẹ̀ bo ọ́ìlì ilẹ̀ kí lándílọ́ọ̀dù tó dé.

Àná ni mo tún gba ọ̀nà yẹn, aago mẹ́fà, eré kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Géèjì kọ 112. Ẹ yọ 7 kúrò. Nínú ìlú, kò sí ìyàtọ̀, 95 sí 100 rẹ̀ ló ń kọ, AC sì ń tutù.

Ìṣòro kan ló kù: fílítà ti wálẹ̀ sí i nítorí pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Bọ́ǹpù tó wà lẹ́nu àdúgbò wa ti ha ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Sípánà
O ṣeun, o ṣiṣẹ́. Wá fílítà tó kúrú tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kó o sì ní kí ọkùnrin alurin gé pẹlẹbẹ álúmíníọ̀mù 3 mm bo abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ihò tí afẹ́fẹ́ á máa gbà. Lọ tún àwọn nọ́ọ̀tì họ́ọ̀sì wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n máa ń dẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbóná tí wọ́n tutù ní ìgbà mélòó kan.

Jagun Ring Road
Mo kí ọ kú oríire. Ìlà 25 mi yẹn ṣì wà o, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá a. Mo ti dín owó rẹ̀ kù.

Bàbá Sípánà
Ìwọ ni? Jagun, ẹ́ńjìnnì wo ló ti jáde?

Jagun Ring Road
Bàbá, ó dàárọ̀ o.